Níbo Ni Igbó Pooh Wà Gan-an? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Bí ìsinmi ilé ìwé bá ti ń sún mọ́lé ní Ìlú Ọba, lẹ́tà lórí Winnie-the-Pooh kì í tán lórí tábìlì wa. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, béárì kékeré kan ni, tí ọgbọ́n orí rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára oyin. Òun àti Piglet ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eeyore kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó máa ń fajú ro, àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Christopher Robin ni wọ́n jọ ń ṣeré nínú igbó. A. A. Milne ló kọ ìtàn náà, E. H. Shepard ló ya àwòrán rẹ̀. Ìwé kìíní jáde ní 1926, ìkejì ní 1928. Milne kò dá igbó náà hùmọ̀. Ní 1925 ló ra ilé oko kan, Cotchford Farm, nítòsí abúlé Hartfield ní East Sussex. Ibi tí ọmọ rẹ̀ Christopher Robin ti ń ṣeré ló kọ sínú ìwé, Shepard náà sì lọ fi ojú ara rẹ̀ wo igi àti òkè ibẹ̀ kó tó yà wọ́n. Ashdown Forest ni orúkọ ibẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi, ọlọ́dún 5 àti ọlọ́dún 8, fẹ́ rí afárá tí Pooh ti ń ju igi sómi. A ò ní mọ́tò. Ṣé a lè lọ ká sì padà sí Peckham lọ́jọ́ kan ṣoṣo? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Peckham

Ẹ lè lọ, bí ẹ bá tètè jí. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 30 sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí East Grinstead ni kí ẹ wọ̀. Láti Victoria, ó tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró ní East Croydon, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ wọ àárín ìlú lọ. East Grinstead ni ojú irin náà parí sí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá bọ́ọ̀sì 291 tó ń lọ sí Tunbridge Wells. Yóò gba Forest Row kọjá, yóò sì já yín sílẹ̀ ní Hartfield láàárín bíi ìdajì wákàtí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí ló máa ń ba ọjọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í tẹ̀ lé ara wọn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bíi ti Peckham. Ẹ kọ aago bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má sì gbára lé e lọ́jọ́ Àìkú láìjẹ́ pé ẹ ti wò ó pé ó ń rìn. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá fi sílẹ̀ ní Hartfield yóò wá takisí títí, nítorí abúlé ni.

Láti abúlé sí afárá, nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀ ni, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú pápá kọjá. Fún àgbà, bíi ogójì ìṣẹ́jú. Fún ọlọ́dún 5 tó ń dúró wo gbogbo kòkòrò, ẹ ka wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọmọ sílẹ̀ nílé, kò ní bá yín kọjá níbi ẹnubodè onígi, ẹrẹ̀ yóò sì gbé e mì. Àwọn tó bá ní mọ́tò lè gbé e sí Pooh Car Park, lẹ́bàá ọ̀nà Chuck Hatch. Láti ibẹ̀ sí afárá kò ju bíi kìlómítà kan, ìsọ̀kalẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń padà ni àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé òkè ni.

Ní ti eré náà, tí kálukú ń ju igi sómi ní apá kan afárá láti wo ti ta ni yóò kọ́kọ́ yọ ní apá kejì, ẹ ṣa igi yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé afárá. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn kan ti ń ya ẹ̀ka lára igi tútù, àwọn igi tí wọ́n sì ń jù máa ń wọ́ jọ sábẹ́ afárá tí wọ́n á dí omi. Igi gbígbẹ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ti tó. Kó gùn bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà, kí ti ẹnì kan má sì jọ ti ẹnì kejì: kí ọ̀kan ní èèpo lára, kí wọ́n bó èkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹkún ni yóò fi parí, torí kò sẹ́ni tó máa mọ igi ta ló kọ́kọ́ yọ.

Ẹ dúró ní apá tí omi ti ń bọ̀, kì í ṣe apá tó ń ṣàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ ju ewé kan sómi láti mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ọmọ á ju igi tirẹ̀ sí apá òdì, á sáré lọ sí òdìkejì, á wá dúró títí, igi ti bá omi lọ tipẹ́. Gbogbo yín ẹ na ọwọ́ jáde bákan náà, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Jíjù síwájú jẹ́ ìrẹ́jẹ. Àárín omi ló ń yára jù, nítorí etí bèbè a máa fa omi sẹ́yìn. Igi tó ní ẹ̀ka méjì a máa há. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti fà, igi lè dúró sábẹ́ afárá kó má yọ rárá, ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ ṣáájú.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ta afárá yẹn. Kí la wá ń lọ wò? — Òǹkàwé kan, Luton

Òótọ́ ni, wọ́n ta ti àtijọ́. Ní 1907 ni wọ́n kọ́ afárá onígi náà, Posingford Bridge sì ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n tún un ṣe ní 1979, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èrò jẹ ẹ́ run, ni wọ́n bá tú u ní 1999, wọ́n kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Pákó àtijọ́ yẹn ni wọ́n tò pa dà tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo ní 2021, ní £131,625. Omi kan náà ló ṣì ń ṣàn lábẹ́ ti ìsinsìnyí, ojú ibẹ̀ náà ni Milne àti ọmọ rẹ̀ ti ṣeré.

Ẹ jọ̀wọ́, mo rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo sanwó fún ìrìn kan tí afinimọ̀nà ní òun á fi mú wa rí Igbó Ọgọ́rùn-ún Éékà inú ìwé Pooh. Wákàtí méjì la fi rìn lórí ilẹ̀ gbalasa, igi páìnì díẹ̀díẹ̀ níbí, igbó kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún lọ́hùn-ún. A kò dé ibi afárá. Igbó wo nìyẹn? — Bàbá kan, Woolwich

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tàn yín. Yorùbá ya igbó, ẹgàn àti ọ̀dàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá ní òun ń lọ sígbó ń retí igi àti òjìji. Ṣùgbọ́n "forest" nínú òfin àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò túmọ̀ sí ibi tí igi dí. Ilẹ̀ tí ọba yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọdẹ ni, ì báà jẹ́ ọ̀dàn. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàlá ń parí lọ, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n ṣe ọgbà igi yí ibẹ̀ ká, nǹkan bíi máìlì 23, kí àgbọ̀nrín ọba má bàa jáde. Bodè 34 ló wà lára ọgbà náà. Bodè ńlá tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbà ni "Gate", bodè kékeré ti ẹlẹ́sẹ̀ ni "Hatch". Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Chelwood Gate, Chuck Hatch àti Coleman's Hatch lára pátákó ojú ọ̀nà títí di òní. Ní 1693 wọ́n pín ilẹ̀ náà. Ó lé ní ìdajì tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni, nǹkan bíi éékà 6,400 ló ṣẹ́ kù tí àwọn ará àdúgbò lè máa da ẹran wọn jẹ̀ lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ yanrìn ni ibẹ̀, kò lọ́ràá, ó sì kan. Igbó kékeré tí wọ́n ń pè ní heather ló fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti gorse ẹlẹ́gùn-ún olódòdó àwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn náà kò dá wà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àgùntàn àti màlúù kò bá jẹ níbẹ̀, tí wọn kò sì máa gé igi tó ń hù, birch àti páìnì yóò gba gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó ń fi ayùn gé igi lulẹ̀, ẹ má bínú sí i. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí àwòrán Shepard di ohun tí ojú kò lè rí mọ́. Ẹ tún ìwé náà ṣí wò: òkè tó mọ́ kedere, páìnì mélòó kan tó dúró jọ lórí rẹ̀. Gills Lap nìyẹn, tí Milne yí orúkọ rẹ̀ pa dà díẹ̀ sí "Galleons Lap". Orí rẹ̀ ni wọ́n mú yín lọ.

Igbó tó ní igi lóòótọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Five Hundred Acre Wood ni orúkọ rẹ̀, Milne ló gé 500 sí 100. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wealdway gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀tọ́ yín ni láti rìn lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀. Cotchford Farm náà, ilé onílé ni, ẹnikẹ́ni kò lè mú yín wọ ibẹ̀.

Ẹ̀sùn yín nípa afárá la fara mọ́. Gills Lap àti afárá jìnnà síra, ìrìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́. Ẹni tó ń gba owó ní láti sọ ọ́ kedere. Kí ẹ tó sanwó lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bèèrè páàkì tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, máìlì mélòó ni, àti pé ṣé ó dé afárá tàbí kò dé e.

Ẹ̀yin ọmọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí n'Ìbàdàn. Mò ń bọ̀ wá bá ọmọ mi ní Kent ní oṣù kọkànlá. Ìwé yẹn ni mo fi kọ́ ọmọ kíláàsì mi ní kíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúnkún ń dùn mí. Ṣé mo lè dé ibẹ̀? — Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ ó dé ibẹ̀, Mà. Kí ọmọ yín gbé mọ́tò lọ sí páàkì Gills Lap, ẹ jẹ́ kó ní owó ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ lórí fóònù tàbí káàdì. Ìrìn méjì ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kúkúrú tó nǹkan bíi kìlómítà kan, orí òkè ló wà, kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè-sọ̀kalẹ̀. Nínú rẹ̀ lẹ ó ti rí àgbájọ páìnì tí ìwé pè ní ibi àràmàǹdà, kòtò yanrìn tí Roo, ọmọ kangarúù inú ìwé náà, ti ń fò, àti òkúta ìrántí Milne àti Shepard. Ìrìn gígùn, bíi kìlómítà mẹ́ta, sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì ibi tí Pooh ti "rí" òpó Àríwá. Ẹ má lọ ìyẹn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún lára ju ìgòkè lọ, ẹ ó sì ní láti gùn ún pa dà.

Oṣù kọkànlá le díẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú ní bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà kó tó di ọ̀sán gangan ni kí ẹ dé ibẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní páàkì yẹn, ẹ lo ti ibòmíràn kí ẹ tó dé. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀, bàtà tó bá dán ní ìsàlẹ̀ á yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Bí ìró ni ẹ fẹ́ ró, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, nítorí heather a máa fa aṣọ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe láti sún ìrìn àjò síwájú, ìparí oṣù kẹjọ ni òkè náà máa ń pọ́n bí ìyẹ́ àlùkò pẹ̀lú òdòdó heather, ohun tí àwòrán dúdú àti funfun inú ìwé kò lè fi hàn yín.

A fẹ́ kó ọmọ 18 lọ láti ilé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá wa ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo máa ṣe afinimọ̀nà. Kí ni kí n mọ̀? — Olùkọ́, Croydon

Ẹ kọ́kọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan láìsí ọmọ kankan. Àmì ojú ọ̀nà kò pọ̀ nínú Ashdown, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tóóró sì máa ń pín sí mẹ́ta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò ṣeé gbára lé ní àfonífojì. Máàpù Ordnance Survey Explorer 135 ló bo ibẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ dúró fún kìlómítà kan nílẹ̀. Ẹ fi aago wo iye ìṣẹ́jú láti ibùdó kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ kún un fún àwọn ọmọdé.

Àgbàlagbà mẹ́rin ni ká má dín kù fún ọmọ 18. Kí ọ̀kan wà níwájú tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn pátápátá tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ rẹ̀yìn sí i, kí àwọn méjì wà láàárín. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹ dúró títí ẹni ẹ̀yìn yóò fi dé. Ibi tí ọmọ ti ń sọnù ni ibi tí iwájú ti yà, tí àárín kò sì rí i. Afárá kò gba ọmọ 18 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín wọn sí mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹ má sọ ìtàn nígbà tí ẹ bá ń rìn, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́. Ẹ dúró, ẹ má kẹ́yìn sí oòrùn, kí ó má bàa mọ́ àwọn ọmọ lójú: ẹ̀yin ni kí ẹ kọjú sí oòrùn, kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Ẹ mú àwòrán Shepard dání, ẹ na án sókè, kí wọ́n wá igi tó wà nínú rẹ̀. Èyí ṣiṣẹ́ ju kíka ojú ìwé méjì fún wọn lọ. Bí omi odò kékeré bá pupa bí ìpẹtà, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé irin inú ilẹ̀ ló fà á. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń yọ́ irin tipẹ́, wọ́n kọ́ iléeru ńlá kan sí Newbridge nínú igbó náà ní 1496.

Ẹ gbé jọ́lọ́ọ̀fù nínú fíláásì, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ààrò súyà lọ. Òfin igbó náà kò gba iná dídá rárá, ọ̀dàn gbígbẹ kì í sì í ṣeré. Iná jó níbẹ̀ ní 2019. Kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn alábòójútó igbó náà ní Wych Cross kí ọjọ́ tó pé, wọn yóò sọ fún yín bí páàkì kan bá wà ní títì.

Ṣé ejò wà níbẹ̀? — Ìyá Tó Ń Bẹ̀rù, Dartford

Ó wà. Irú paramọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní adder ni, òun nìkan ni ejò olóró tó wà ní ìgbẹ́ Britain. A máa yáàrùn lójú ọ̀nà nígbà ìrúwé, a sì máa sá bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi ẹnu fà á. Kí onítọ̀hún jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ pe 999.

Eégbọn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Ara bracken àti koríko gíga ló máa ń dúró sí, ó sì lè gbé àrùn Lyme wọ ara. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn aláwọ̀ títàn kí ẹ lè rí i, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Nílé, ẹ yẹ abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún, ìdí irun àti ẹ̀yìn etí àwọn ọmọ wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un mọ́ awọ ara pẹ́kípẹ́kí, ẹ fà á sókè gbọọrọ láìyí i. Karosín, òróró àti iná ìṣáná kò dára: ìdààmú a máa mú kí eégbọn da ohun inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí àmì rìbìtì bá ń gbòòrò lójú ibẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Lára awọ dúdú, àmì yìí kì í pupa bíi ti inú àwòrán ilé ìwòsàn, ó lè dà bí ojú ibi tí a fi gbá nǹkan. Ẹ má dúró de pupa.

Manchester ni mo ń gbé, Sussex jìnnà. Ọmọ mi fẹ́ràn Peter Rabbit ju Pooh lọ. Ṣé Hill Top ni kí n mú un lọ? — Bàbá Ọmọbìnrin kan

Hill Top, ilé oko Beatrix Potter tó kọ ìtàn ehoro Peter Rabbit, dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Peter. Inú lẹ́tà tí Beatrix Potter kọ sí ọmọ kan láti Scotland ní 1893 ni Peter ti bẹ̀rẹ̀, ìwé náà jáde ní 1902, ọdún 1905 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Hill Top ní abúlé Near Sawrey ní Lake District. Ìtàn Tom Kitten (1907) àti ti Jemima Puddle-Duck (1908) ló ti inú ilé àti ọgbà yẹn jáde, ẹ kà wọ́n fún un ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin dé Windermere. Láti Bowness, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì méjì, òkè díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé náà kéré, aago ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tètè rà á. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí adágún Derwentwater lẹ́gbẹ̀ẹ́ Keswick: erékùṣù kékeré tó wà láàárín omi náà, St Herbert's, ni ọ̀kẹ́rẹ́ Squirrel Nutkin ń tukọ̀ lọ bá òwìwí.

Ṣé àwọn ọmọlangidi Christopher Robin gan-an, tí Milne fi kọ ìtàn Pooh, wà ní Hartfield? — Òǹkàwé, Brooklyn

Rárá o, ẹ̀bá yín gan-an ni wọ́n wà. Láti 1987 ni wọ́n ti wà ní New York Public Library. Pooh wà níbẹ̀, tí wọ́n rà ní Harrods fún ọjọ́ ìbí ọdún kan ọmọ náà ní 1921, àti Piglet, Eeyore, Kanga àti Tigger. Ẹ má wá Owl àti Rabbit, wọn kò fìgbà kan jẹ́ ọmọlangidi, ìdí nìyẹn tí Shepard fi yà wọ́n bí ẹyẹ àti ehoro gidi. Roo náà kò sí níbẹ̀. Inú oko èso ápù ni ó ti sọnù láàárín àwọn ọdún 1930, kò sì sẹ́ni tó rí i mọ́.